Ewé orí omi nínú gọ́tà pọ́ńdù mi: ṣé ó ń fọ omi ni, àbí ó kàn ń kó ẹ̀gbin pamọ́?

Ẹlẹ́ja_Ìmọ̀tà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹja àrọ̀ ni mò ń sìn lápá Ìmọ̀tà, pọ́ńdù mẹ́rin ni. Bí mo bá ti tú omi dànù, gọ́tà gbọọrọ kan ló ń gbà lọ sí odò kékeré ẹ̀yìn ilẹ̀ wa. Láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni àwọn aládùúgbò ti ń pariwo òórùn. Ẹnì kan wá ní kí n ju ewé orí omi yẹn sí gọ́tà, èyí tó ń yọ òdòdó elésè àlùkò, pé yóò mu ìdọ̀tí náà tán. Mo ju bí ogún ìdí sí i. Oṣù méjì kò pé tó fi bo gọ́tà láti òkè délẹ̀. Òórùn dín kù lóòótọ́! Mo fi ìgò bu omi òkè, mo fi òmíràn bu ti ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ mọ́ jù ú lọ.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé níbo ni ìdọ̀tí yẹn gbà lọ? Ṣé ewé ló jẹ ẹ́? Àbúrò ìyàwó mi tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ sì ní kí n máa kó ewé náà fún òun. Ṣé kò léwu? Ojú oró ni mò ń pe ewé yìí, ẹ tún un ṣe bí mo bá ṣì í.

Ọmọ_Ìlàjẹ
O ṣì í o, àbúrò. Ojú oró kì í yọ òdòdó elésè àlùkò. Ṣe ni ojú oró máa ń tẹ́ lórí omi bíi kábéèjì tó là, irun wínníwínní sì wà lára ewé rẹ̀. Eléyìí tí ẹsẹ̀ ewé rẹ̀ wú bíi pé wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, àlejò ni. Àwọn èèyàn ń pè é ní gbéborùn. Gúúsù Amẹ́ríkà, ní agbègbè odò Amazon, ni ilé rẹ̀. Ọdún 1984 ni wọ́n rí i ní odò Badagry, ó gba ojú omi Bẹ̀nẹ̀ wọlé wá bá wa.

Bàbá mi ní ọkọ̀ méjì àti àwọ̀n tó pọ̀ nígbà náà. Nígbà tí nǹkan yìí dé ọ̀dọ̀ wa, ọkọ̀ ò ríbi kọjá mọ́, ewé á lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì títí yóò fi kú sáàárín omi. Ibi tó bá sì bò pa, ẹja abẹ́ rẹ̀ kò ní rí atẹ́gùn. Ìyẹn ni mo fi ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ní ó ń fọ omi. Bí olófòófó ni ó rí, ibi tó bá wọ̀ lónìí, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ lọ́la. Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kó dé inú odò yẹn.

Àgbẹ̀_Ọ̀dàn
Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń fún ẹlẹ́dẹ̀ ní gbéborùn. Mo máa ń gé e wẹ́wẹ́, màá sá a díẹ̀ kó rọ, màá wá po èérí àgbàdo mọ́ ọn. Kò sí èyí tó kú. Kó o fún àna rẹ jàre.

Ṣadé_Láàbù
Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Ìlàjẹ, mi ò lè bá yín jiyàn, ojú yín ló ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ́ kí gbéborùn gba odò mọ́ èèyàn lọ́wọ́ náà ló ń jẹ́ kó fọ omi. Àjílẹ̀ ló ń jẹ. Ibi tí omi bá ti ní ìdọ̀tí ló ti máa ń sanra.

Bùọ̀dá Ẹlẹ́ja, ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, mo mọ̀ pé ìṣirò máa ń lé èèyàn lójú òpó yìí. Fíìdì tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn oúnjẹ ẹja, tí purotéènì inú rẹ̀ jẹ́ 42 nínú 100, náítírójìn inú rẹ̀, ìyẹn àjílẹ̀ tó ń di ìdọ̀tí nínú omi, tó kílò 67. Ká ní ìdá kan nínú mẹ́ta ló di ẹran ara ẹja. Bíi kílò 45 ló ṣẹ́ kù: díẹ̀ nínú ìgbẹ́ àti fíìdì àjẹkù tó rì, èyí tó pọ̀ nínú amóníà tí ẹja ń tú sómi bó ṣe ń mí. Ó yá, ẹ wo ewé wàyí. Bíi 95 nínú 100 ara gbéborùn tútù, omi lásán ni. Tọ́ọ̀nù kan tútù á gbẹ di kílò 50, bí a bá sì fi 2.5 nínú 100 ṣe ìwọ̀n, náítírójìn inú rẹ̀ kò ju kílò 1.25 lọ. Kí ewé nìkan tó kó kílò 45 yẹn jáde, ẹ máa gbé tọ́ọ̀nù 36 ewé tútù! Pẹ̀lú bárò àti ẹ̀yìn yín.

Ta ló wá ń ṣe ìyókù? Ẹ fa ìdí kan tu, kí ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀. Ó rí bí irùngbọ̀n dúdú, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Ohun tó ń yọ̀ yẹn, bakitéríà, àwọn kòkòrò àìfojúrí, ló pọ̀ nínú rẹ̀. Atẹ́gùn máa ń gba inú ẹsẹ̀ ewé tó ní ihò bíi kànrìnkàn sọ̀kalẹ̀ dé gbòǹgbò, àwọn bakitéríà tó wà níbẹ̀ á fi í sọ amóníà di náítíréètì. Bí náítíréètì bá dé ọ̀dọ̀ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ tí atẹ́gùn ò dé, àwọn bakitéríà mìíràn á tún gbà á, wọ́n á sọ ọ́ di náítírójìn irú èyí tó kún inú afẹ́fẹ́ wa, ó sì fò lọ. Ewé ni onílé, bakitéríà ni ayálégbé, ayálégbé ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ilé.

Fọsfọ́rọ́ọ̀sì, àjílẹ̀ kejì inú ìdọ̀tí náà, ò níyẹ̀ẹ́ ní tirẹ̀. Yálà kó wọ inú ewé, tàbí kó rì mọ́ ẹrẹ̀. Bí ẹ bá fi ewé sílẹ̀ títí ó fi kú tó sì jẹrà nínú gọ́tà, gbogbo ohun tó jẹ ni yóò bì padà sínú omi. Nítorí náà ẹ máa kó o déédéé, kí ẹ máa fi bí ìdajì sílẹ̀ kí àwọn ayálégbé wa má di aláìnílé.

Ní ti ẹlẹ́dẹ̀, mi ò tíì dáhùn. Níbo ni omi tí ẹ ń bù sí pọ́ńdù ti ń wá?

Oníyèméjì
Ewé ni ewé, kí ló kan ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú ibi tí omi ti wá? Àti pé, ṣé àwọn tó ní láàbù ńláńlá ń lo nǹkan yìí, àbí àwa tí a ò ní owó ẹ̀rọ nìkan ni ẹ fẹ́ máa fi ewé tù nínú?

Àkànjí_Durham
Wọ́n ń lò ó o, Oníyèméjì. Ní àwọn ọdún 1970, NASA tó ń fi èèyàn ránṣẹ́ sí òfuurufú lo gbéborùn kan náà yìí ní ibùdó wọn ní Mississippi, l'Amẹ́ríkà, láti fi fọ omi ṣáláńgá àti omi kẹ́míkà láàbù. Bill Wolverton ni onímọ̀ tó wà nídìí rẹ̀. Ní Jámánì, obìnrin kan tó ń jẹ́ Käthe Seidel ti ń dán ìféfé àti koríko etí odò wò ṣáájú ìyẹn, láti àwọn ọdún 1950.

Ibi tí mò ń gbé níbí, Durham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èédú ni wọ́n ń wà láyé àtijọ́. Nígbà tí wọ́n ti ihò ìwakùsà pa, omi kún inú rẹ̀, ó sì ń sun jáde pẹ̀lú irin. Ẹ ó rí odò tó pọ́n bí epo pupa! Ní Bìrìtéènì, ó lé ní 70 ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú omi bẹ́ẹ̀ fún ìjọba, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní oko ìféfé. Mo bá wọn ṣiṣẹ́ kọ́ntírákì ní ọ̀kan fún oṣù méje, ìyẹn ni mo fi lẹ́nu ọ̀rọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí omi gorí àtẹ̀gùn kó máa já wálẹ̀ kó lè mu atẹ́gùn. Irin á di ìpẹtà, á rì nínú adágún ńlá. Lẹ́yìn náà ni omi á wá wọ inú ìféfé.

Èmi náà rò pé ìféfé ń fa irin mu bí ọmọ ṣe ń fa ọmú ni. Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń wọ ara koríko, pé dídí tó ń dí omi lọ́nà, tó ń jẹ́ kó rọra rìn kí ìpẹtà tó kù lè jókòó, ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹrẹ̀ ló ń gba irin. Bó bá sì pẹ́, ẹrẹ̀ yẹn á kún, wọ́n á mú kátápílà wá kó o.

Abúlé kan wà nítòsí tó ń jẹ́ Quaking Houses. Àwọn ará abúlé náà ló pariwo nítorí odò wọn, Yunifásítì Newcastle bá wọn dá sí i, àbàtà tí wọ́n ṣe láti fọ omi náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1997. Ìgbẹ́ ẹṣin àti ti màlúù wà nínú ohun tí wọ́n kó sí abẹ́ rẹ̀! Nínú ìgbẹ́ yẹn, níbi tí atẹ́gùn ò sí, bakitéríà kan ń sọ sọ́féètì inú omi di súfáìdì, ìyẹn èyí tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Súfáìdì yẹn á wá so mọ́ irin àti síǹkì, wọ́n á jọ rì sínú ẹrẹ̀. Ẹ rí i pé òórùn kan wà tó ń ṣiṣẹ́.

Ẹlẹ́ja_Ìmọ̀tà
Ẹ ṣeun gan-an. Bárò mi ti ń wárìrì nítorí tọ́ọ̀nù 36.

Sista Ṣadé, láti odò kan náà ni mo ti ń fa omi, lápá òkè. Bóyá ó yẹ kí n sọ eléyìí: ó tó bí ọdún kan tí àwọn kan ti ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ àlòkù létí odò yẹn, lókè wa. Wọ́n á da omi inú rẹ̀ dànù, wọ́n á kó pẹlẹbẹ inú rẹ̀ lọ tà. Mi ò kà á sí nítorí pé ọ̀nà jìn díẹ̀.

Ṣadé_Láàbù
Ìdí tí mo fi béèrè nìyẹn. Pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kó lọ tà yẹn, òjé ni. Omi tí wọ́n ń dà nù, ásíìdì tó ti fọ òjé ni.

Oníyèméjì, ẹ bi mí pé kí ló kàn wọ́n. Gbogbo ìtàn tí mo sọ lórí náítírójìn, ẹ gbé e sápá kan. Bakitéríà lè sọ amóníà di afẹ́fẹ́. Kò sí bakitéríà kankan láyé tó lè sọ òjé di ohun mìíràn. Òjé tó wọ gọ́tà lónìí, bí kò bá bá omi lọ, ó ń bẹ nínú ẹrẹ̀ tàbí nínú ewé, ibi tó wà ló kàn lè yí padà. Gbéborùn sì mọ òjé kó gan-an ni, gbòǹgbò rẹ̀ máa ń gbà á, èyí tó ń gòkè dé ewé kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó há sí gbòǹgbò. Bó ṣe mọ iṣẹ́ tó yẹn ló ṣe léwu fún ẹlẹ́dẹ̀. Ohun tó tàn káàkiri inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà omi ló ti bá yín kó jọ sínú abọ́ kan.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí òjé inú omi mímu má kọjá máíkírógíráàmù 10 (ìdá mẹ́wàá nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan) nínú lítà kan. Kádímíọ̀mù, irin olóró mìíràn, 3 péré. Wọ́n tún sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Ojú ò lè rí 10 yẹn, ìgò tí ẹ fi bu omi wò kò lè sọ ọ́ fún yín. Omi mímọ́ gaara lè ní òjé.

Ẹ má fún ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ má fi ṣe àjílẹ̀ sí ìdí ẹ̀fọ́. Tẹ̀tẹ̀ pàápàá mọ kádímíọ̀mù gbà sára. Ẹ bu omi òkè, omi pọ́ńdù, omi ìsàlẹ̀, kí ẹ fa ewé pẹ̀lú gbòǹgbò, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ sí láàbù tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn òjé. Ìgò tó mọ́ ni kí ẹ lò, ẹ má lo ti gáàlọ́nù epo.

Àgbẹ̀_Ọ̀dàn
Mo yọwọ́ ọ̀rọ̀ mi. Odò tèmi kò ní oníbátìrì, ṣùgbọ́n mo ń lọ wo òkè rẹ̀ lọ́la.

Oníyèméjì
Ó dáa, mo gbà. Kó sá a gbẹ kó dáná sun ún, ọ̀rọ̀ tán.

Ṣadé_Láàbù
Iná ò jẹ òjé, bùọ̀dá. Ewé tó tóbi á di eérú ẹ̀kúnwọ́ kan, òjé náà á wà nínú ẹ̀kúnwọ́ yẹn, èyí tó bá bá èéfín lọ á sì wọ imú ẹni tó ń koná.

Ìyá_Aláró
Ẹ̀yin ọmọ mi, mò ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àárọ̀. Àdìrẹ ni mò ń ṣe l'Ábẹ́òkúta. Nígbà tí ìyá mi ń ṣe é, ẹlú àti omi eérú ni. Àwa ń lo àwọ̀ kẹ́míkà, kọ́sítíìkì àti haidirósù. Omi rẹ̀ tí a bá dà nù, koríko ibẹ̀ máa ń jó dúdú. Ṣé gbéborùn yìí á gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀?

Ṣadé_Láàbù
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Bó ṣe jó koríko yẹn ló ṣe máa jó gbéborùn. Kọ́sítíìkì le jù fún ewé èyíkéyìí. Ẹ ní láti kọ́kọ́ jẹ́ kí omi náà tòrò nínú táǹkì, kí ẹ fi ásíìdì díẹ̀ pa agbára rẹ̀ títí bébà tí wọ́n fi ń dán an wò yóò fi sún mọ́ 7, níbi tí ásíìdì àti kọ́sítíìkì kò ti borí ara wọn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó ṣe é, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn la lè da omi náà sínú kòtò tí a fi òkúta wẹ́wẹ́ kún, tí a gbin koríko sí. Ewé ló ń kẹ́yìn iṣẹ́ náà, kì í ṣe òun ló ń ṣáájú.

Ìyá_Aláró
Mo gbọ́. Ọlọ́run á wo ẹ̀yìn rẹ. N ó bá àwọn ẹgbẹ́ mi sọ ọ́ lọ́jọ́ ìpàdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó táǹkì ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè.

Ọmọ_Ìlàjẹ
Mo ní ìbéèrè kan. Tó bá jẹ́ pé gbòǹgbò àti bakitéríà ló ń ṣiṣẹ́, kí ló dé tí a ò lo ojú oró tiwa? Òun náà ní gbòǹgbò bí irùngbọ̀n. Gbogbo yín ń fi í ṣàdúrà, «ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò», kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló ń ṣe lábẹ́ níbi tó lékè sí.

Ṣadé_Láàbù
Hàhàhà. Ẹ̀gbọ́n, ojú oró ń ṣe é dáadáa, ó ń gba àjílẹ̀, ó ń gba òjé. Kò kàn ń sanra tó gbéborùn ni. Òun náà sì lè bo adágún pa bí omi bá dúró sójú kan, nítorí náà òun náà nílò ẹni tí yóò máa kó o. Òṣíbàtà yàtọ̀: gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, ewé nìkan ló lékè.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: ewé orí omi èyíkéyìí tí a bá fi sílẹ̀ láìkó máa ń fa ẹ̀fọn, ìgbín kékeré tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá sì fẹ́ràn abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń wọ inú rẹ̀ kó wọ bàtà rọ́bà.

Àkànjí_Durham
Tí kì í bá ṣe ti òjé yìí, ohun tí Ẹlẹ́ja ń ṣe kì í ṣe tuntun. Ní ìlà oòrùn Kolkata ní Íńdíà, omi ìdọ̀tí ìlú náà ni wọ́n ń darí sínú pọ́ńdù ẹja, oòrùn àti kòkòrò àìfojúrí á fọ̀ ọ́, ẹja á jẹ nínú rẹ̀, wọ́n á kó ẹja lọ sọ́jà. Wọ́n máa ń gbin gbéborùn sí etí pọ́ńdù, kì í ṣe àárín, wọ́n á fi ọ̀pá dè é mọ́bẹ̀ kí ìgbì má bàa jẹ bèbè. Ilẹ̀ náà fẹ̀ tó hẹ́kítà 12,500, àdéhùn Ramsar sì ti kà á mọ́ àwọn àbàtà pàtàkì àgbáyé láti 2002.

Ẹlẹ́ja_Ìmọ̀tà
Mo padà dé o, ẹ má bínú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ. Èsì ti jáde. Òjé wà nínú omi òkè, ó ju ohun tí WHO sọ lọ. Èyí tó wà nísàlẹ̀ gọ́tà kéré sí i. Ti inú gbòǹgbò ló ya èmi àti ọmọ láàbù lẹ́nu, ó fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti ewé lọ. Ewé yẹn ti ṣiṣẹ́, mi ò lè sẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ dúró sí ẹ̀yìnkùlé mi.

Mo ti dá omi odò dúró, kànga ẹlẹ́rọ ni mò ń lò báyìí. Ẹja ńkọ́ o, sista? Mi ò tíì tà láti ìgbà náà.

Ṣadé_Láàbù
Ẹ kú ìfaradà. Òjé kì í fi bẹ́ẹ̀ jókòó sínú ẹran ẹja. Eegun, ẹ̀dọ̀ àti ibi tí ẹja fi ń mí ló máa ń kó sí, kò dà bíi mákúrì tó máa ń wọ ẹran ara. Ẹ má torí ìyẹn tà á láìdánwò. Ẹ mú mẹ́ta mẹ́rin lọ sí láàbù yẹn, kí ẹ ní kí wọ́n wọn ẹran lọ́tọ̀, ẹ̀dọ̀ lọ́tọ̀. Ẹ sì kọ ìwé sí LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, nípa àwọn tó ń fọ́ bátìrì, kí ẹ so èsì yìí mọ́ ọn. Ẹ má lọ bá wọn jà fúnra yín.

Ọmọ_Ìlàjẹ
Àwọn ewé tó kó òjé jọ yẹn ńkọ́, níbo ló kó wọn sí?

Ẹlẹ́ja_Ìmọ̀tà
Mo fà wọ́n tu pátá, mo fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà ṣe é. Mo sá wọn sórí tápólì, kò séyìí tó kan ilẹ̀. Gbogbo gọ́tà gbọọrọ yẹn, bó ti wuwo tó nígbà tó tutù, àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta péré ló gbẹ dà. Mo ti kọ ìwé sí LASEPA, mo sì béèrè nínú rẹ̀ ibi tí mo lè kó àpò wọ̀nyí sí. Mò ń retí èsì.

Abẹ́ páànù lẹ́yìn ilé fíìdì ni wọ́n wà. Àná ni ọmọ aládùúgbò wa, ọ̀kan lára àwọn tó ń pariwo òórùn, yọjú pé ìyá òun ní kí òun tọrọ koríko gbígbẹ kan láti fi dáná irú. Mo fún un ní ìdì igi. Lálẹ́, mo ra àgádágodo.